Ogún Ìṣísẹ̀

Sàbí gbé fóònù kalẹ̀ lórí tábìlì mi,
ó ní, "Ìyá mi nìyí. Bá mi fẹ̀ ẹ́.
Mítà mẹ́ta ní gígùn, méjì ní ìbú.
Ọjọ́ Sátidé la ó sìn ín."

Mo wò ó. Fótò ìgbà ìkórè kajú ni,
èèyàn mẹ́rìnlá tò níwájú àpò,
Ìyá Bákẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá,
ojú rẹ̀ kò ju hóró àgbàdo lọ.
Àbúrò fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ sí Kútọnu,
Kútọnu dá a padà sí Ṣábẹ̀ẹ́ lórí Wasáàpù,
ibi gbogbo tó gbà kọjá ni wọ́n ti gba owó ibodè lára rẹ̀:
wọ́n yọ díẹ̀ nínú ìpéǹpéjú,
wọ́n yọ díẹ̀ nínú ilà.

Mo fà á. Ojú fọ́ sí onígun mẹ́rin kéékèèké,
àwọ̀ eérú, pupa rúsúrúsú,
àwọ̀ iṣu tó dúdú lẹ́yìn tá a bó o tán,
bí ẹni to bíríkì tí kò fi símẹ́ǹtì sí i.
"Ṣé kọ̀ǹpútà rẹ ló bàjẹ́ ni?"
Rárá o, ọmọ ìyá mi.
Omi ife kan lo gbé wá.
Bí mo bá dà á sínú agbada, yóò tẹ́ pẹrẹsẹ,
kò ní pọ̀ sí i.

Wòrú, ọmọṣẹ́ mi, ní òun mọ ẹ̀rọ kan
tó ń fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ dí àlàfo.
A fún un ní hóró àgbàdo náà. Iná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì.
Ìyá kan jáde, ó ń dán, ó mọ́ gaara,
èèyàn lè ka irun ìpéǹpéjú rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.
Inú mi ti ń dùn. Sàbí sún mọ́ ọn,
ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
"Obìnrin yìí rẹwà.
Ìyá mi ní àpá iná níbí, lábẹ́ àgbọ̀n,
epo gbígbóná ló ta sí i lọ́dún tí wọ́n bí mi.
Ta lẹ̀yin méjèèjì ní kí n lọ sin?"

Wòrú pa á rẹ́.

Mo mú un jáde sẹ́nu ọ̀nà, mo nawọ́ sí òkè.
"Láti ibí, ṣé o rí bó ṣe jọ ọmú abiyamọ?
Ó jọ̀lọ̀, àbí? Gùn ún lọ́la kó o wò ó:
pàlàpálá òkúta, koríko gbígbẹ, ìgbẹ́ ewúrẹ́.
Òkè kan náà ni.
Báńnà kì í ṣe ìwé tá à ń gbé lé itan kà.
A ó gbé e kọ́ sókè, níwájú ibùdó rélùwéè,
ẹni tó bá dúró ní ogún ìṣísẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n."
Ó ní, "Èmi ńkọ́?
Èmi tí mo fẹ́ sún mọ́ ọn?"
N kò lésì. Mo lọ wo ìńkì.

A tẹ̀ ẹ́. Lábẹ́ àgbọ̀n,
onígun mẹ́rin kan dúdú ju ìyókù lọ.
Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.
Ó san ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá sẹ́fà, ó ku ẹgbẹ̀rún kan.

Oṣù keje, mo gun alùpùpù gba ọ̀nà oko wọn.
Òjò ṣú. Báńnà náà ni wọ́n fi bo àgbàdo tí wọ́n sá,
Sàbí ń fi òkúta tẹ igun rẹ̀ mọ́lẹ̀,
ó kúnlẹ̀, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan rọ́bà.
Kò rí mi.
Mo sọ̀ kalẹ̀ láti pè é, mi ò pè é mọ́,
ẹsẹ̀ mi ń padà sẹ́yìn, ó ń padà sẹ́yìn,
títí Ìyá Bákẹ̀ fi gbójú sókè wò mí láti orí àgbàdo.

Ẹgbẹ̀rún kan yẹn, n kò bèèrè rẹ̀.